Gbèsè Ológbò Ìgboro Lọ́rùn Wa

  Mo mọ̀ pé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ohun tí ẹ ń retí ni ewì, tàbí ọ̀rọ̀ àṣà tó ń kú lọ, tàbí ọ̀rọ̀ bí èdè wa yóò ṣe wọ iléeṣẹ́ ìjọba. Ológbò ni èmi mú wá ní tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ni pé bó bá rẹ́rìn-ín tán, kó ka èyí tó kù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Mo ní àwọn ológbò tí kò ní olúwa, àwọn tó ń sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn, sínú ilé tí a kò tíì kọ́ parí àti sẹ́yìn ọjà, ó yẹ kí á máa fún wọn ní oúnjẹ àti ibi gbígbẹ nígbà tí ojú ọjọ́ bá le. Bí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ni a ṣe. Gbèsè ni a san.

Abúlé Ẹ̀gbá ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ ohun tí òjò ń ṣe níbẹ̀. Títì tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba àárín wa kọjá, afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017 sì ti mú kí ó rọrùn díẹ̀ fún ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yà kúrò lójú títì kí ẹ wọ inú àdúgbò lọ. Bí òjò bá ti rọ̀ fún wákàtí méjì, gọ́tà tó ti kún fún ọ̀rá àti ike yóò tú gbogbo rẹ̀ sójú ọ̀nà. Èèyàn á ká ṣòkòtò sókè, á gbé bàtà lọ́wọ́. Ta ni yóò rántí ẹran tó ń gbé inú ihò?

Ológbò kan wà ní òpópónà wa, abo ni, àwọ̀ eérú ló ní. A kò mọ ibi tó ti wá. Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa tí ẹni tó ń kọ́ ọ ti pa tì, ibẹ̀ ló fi ṣe ibùgbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó bìkítà fún un, òun náà kò sì bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Ó ń pa eku, ó ń pa aláǹgbá, ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá dà nù. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ìta wa sọ lójú mi pé láti ìgbà tí ológbò náà ti dé, eku kò gé àpò ìrẹsì àwọn mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Ní oṣù Keje ọdún kan tí mo wà nílé fún ìsinmi, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ igbe wẹ́wẹ́ ní ìdí jẹnẹrétọ̀ wa. Mo tan iná síbẹ̀, ológbò yẹn ni mo rí. Omi ti wọ inú ilé tó ń gbé, ó sì ti fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wá síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti kú. Ara ìyá wọn rin gbindin, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo fún un ní ẹja ṣáwá méjì, mo sì fi páálí bò wọ́n.

Bàbá onílé wa rí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí ò ń bọ́ ṣá?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ológbò ni."

Wọ́n ní, "Ojú ọmọdé lo fi rí ológbò." Wọ́n mi orí, wọ́n sì wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnì kan po òta-pia-pia mọ́ ẹja, ó gbé e sí ìdí ògiri. N kò mọ ẹni tó ṣe é, n kò sì ní í ka ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ìyá ológbò jẹ ẹ́, ó kú. Ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀lé e ní ọjọ́ kejì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyá oníìrẹsì fi figbe ta láàárọ̀: èkúté ti gé àpò mẹ́ta. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àìsí nílé ológìnní, ilé di ilé èkúté. N kò sọ pé ikú ológbò kan ṣoṣo ló kó gbogbo eku wọlé, nítorí òjò pàápàá a máa lé eku jáde nínú ihò. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò wá ìwé kà kí wọ́n tó bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo ni èèyàn ti lè rí ológbò?"

Èyí ni mo pè ní gbèsè. Ẹran tó ṣọ́ ilé wa ní àwọn oṣù tí ilẹ̀ gbẹ, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó wá sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí kò lè dá jẹun. Májèlé ni a fi san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ó tó ṣẹlẹ̀, mo ti gbọ́ nípa fífún ológbò ìta lóúnjẹ rí, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àǹtí mi kan ń gbé ní Chicago. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, òtútù mú ní ìlú náà tó fi jẹ́ pé òṣùwọ̀n Celsius lọ sí nǹkan bí 30 nísàlẹ̀ òdo. Àǹtí mi sọ fún wa lórí fóònù pé nínú òtútù yẹn, ìyá arúgbó kan ní àdúgbò àwọn wọ aṣọ léra, ó gbé oúnjẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ jáde fún àwọn ológbò tí kò ní ilé. Ńṣe ni gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ní owó ló ń yọ òyìnbó lẹ́nu. Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ tí mo tan iná sí ìdí jẹnẹrétọ̀, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwọn ará ibẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cats Protection ti wà láti ọdún 1927, ọ̀rọ̀ ológbò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa kan àpótí kékeré, wọn a gbé e kúrò nílẹ̀, wọn a sì kó pòròpórò gbígbẹ sínú rẹ̀. Wọn kì í fi aṣọ sí i, nítorí aṣọ a máa mu omi, aṣọ tútù a sì máa fa ooru ara ẹran jáde. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí omi bá di yìnyín, òùngbẹ lè gbẹ ológbò bí yìnyín tilẹ̀ yí i ká. Ọgbọ́n ni gbogbo èyí, kò sì sí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ nínú wọn.

Ẹnì kan yóò wí pé àwa kò ní yìnyín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ni yìnyín tiwa. Ní Èkó, oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Bí ìyá rẹ̀ bá tutù tí ebi sì ń pa á, wàrà á gbẹ, àwọn ọmọ á sì máa kú. Ìgbà ọyẹ́ náà ní ìyà tirẹ̀, nítorí omi mímu a di ọ̀wọ́n fún ohun tí kò lè yí ẹ̀rọ omi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ mi ń wí, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Èkíní, wọ́n ní ẹran àjẹ́ ni ológbò. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí a ń kọ́ nípa Yorùbá. Àwa là ń gba ìtàn sílẹ̀, àwa là ń kọ eré. Ẹ wo àwọn fíìmù wa: bí ológbò dúdú bá ti yọjú, gbogbo ilé á ti mọ̀ pé ìyá àgbà kan ń bọ̀ lóru. N kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ló dé tí a fi gbé apá kan ọgbọ́n àwọn baba wa, tí a sì sọ apá kejì sílẹ̀? Òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan, Yorùbá ló pa á. Òwe náà sọ pé ilé tí kò ní ológìnní yóò di ilé èkúté. Kò sọ pé ilé tó ní i yóò di ilé àjẹ́. Àgbẹ̀ tó ní àká àgbàdo mọ iyì ológbò kí fíìmù tó dé.

Ní àdúgbò wa, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà síra. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì. Ọmọ ológbò tó ń tọ́jú ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ yẹn. Ẹ sì mọ hàdíìsì obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà já sí. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì ní ìwé Òwe, orí 12, níbi tí wọ́n ti sọ pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Ìbátan èèyàn àti ológbò sì ti pẹ́ láyé. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn onímọ̀ hú ibojì kan jáde tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún. Èèyàn kan wà nínú rẹ̀, ológbò kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sin wọ́n mọ ohun tó ń ṣe.

Èkejì, wọ́n ní ebi ń pa èèyàn, kí ló kan ológbò? Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, n kò sì ní í fi ẹnu tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ní kí ẹnikẹ́ni gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ fún ológbò? Ẹ lọ sí ọjà Ilé-Epo ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ìrù àti lẹbẹ ẹja tí wọ́n ń dà sí ààtàn. Ẹ tún ṣírò rẹ̀ wò: àpò ìrẹsì mẹ́ta tí eku gé ju oúnjẹ ológbò fún gbogbo ìgbà òjò lọ fíìfíì.

Ìrẹsì tilẹ̀ kéré níbẹ̀. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n sì fi pè é. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ wa ni àrùn náà ń bá wọlé sí wa lára. Ẹ̀yin ará Oǹdó, pàápàá ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, kò yẹ kí n sọ èyí fún yín, nítorí ojú yín ti rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ohun tí ará ilé lè ṣe láti dènà rẹ̀: kí a máa dé oúnjẹ, kí a da ìdọ̀tí jìnnà sílé, kí ilé mọ́, kí a sì máa sin ológbò. N kò sọ pé ológbò ni oògùn ibà Lassa. Ẹni tó bá ń sá gààrí sí etí títì, ológbò ogún kò lè gbà á. Mo kàn ń sọ pé àwa tí a ń fi òta-pia-pia lé ológbò, ọwọ́ ara wa la fi ń tú ògiri ilé wa.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní bí a bá fún wọn lóúnjẹ, wọn yóò pọ̀ sí i, wọn yóò sì kó àrùn bá wa. Èyí ló lágbára jù nínú àtakò wọn, n kò sì ní í bò ó mọ́lẹ̀. Abo ológbò lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tó bá ń fún wọn lóúnjẹ lọ́dún dé ọdún, tí kò ṣe nǹkan kan nípa bíbí wọn, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè ni pé wọ́n á fi pàkúté onílé mú wọn láàyè, dókítà ẹran á tẹ akọ lọ́dàá, á sì ṣiṣẹ́ abẹ fún abo kó má bímọ mọ́, á gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, á gé ṣóńṣó etí kan díẹ̀ kí a lè dá wọn mọ̀, lẹ́yìn náà wọn á dá wọn padà sí ibi tí wọ́n ti mú wọn. Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìyẹn ní òpin títì kan náà tó gba Abúlé Ẹ̀gbá kọjá.

Ní ti àrùn, ajá ló sábà máa ń kó dìgbòlugi ràn wá, ṣùgbọ́n ológbò náà lè kó o ranni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ológbò ìgboro mọ́ra bó ti wù kó ṣe yín láàánú tó. Bó bá bu yín jẹ tàbí ya yín lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ti gbà pẹ̀lú mi dé ìhín, iṣẹ́ tó kù kò nira. Ẹ yan ibì kan ṣoṣo tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ máa gbé oúnjẹ síbẹ̀ lásìkò kan náà lójúmọmọ, kí ẹ sì kó ìyókù rẹ̀ kúrò bí wọ́n bá ti jẹun tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eku ni ẹ ó máa bọ́. Ẹja bíbọ̀ lásán ni kí ẹ fún wọn, láìsí iyọ̀, láìsí ata. Ẹ má fi ọbẹ̀ sí i, nítorí àlùbọ́sà a máa pa ológbò lára. Ẹ má fún wọn ní mílíìkì, nítorí ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni yóò ṣu gbuuru. Omi tó mọ́ ló yẹ wọ́n. Páálí tí èmi lò ní ọjọ́sí kò dára, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ tó fi jẹrà. Kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ti bẹ́, tí a gé ojú rẹ̀, tí a gbé ka orí búlọ́ọ̀kù méjì, tí a kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí òjò kò ti ń fẹ́ wá, tí a sì kó koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ilé ńlá ni lójú ológbò.

Kì í ṣe Abúlé Ẹ̀gbá nìkan ni mo ń bá wí. Àwọn ológbò tó wà lẹ́yìn búkà wa nínú ọgbà yìí ńkọ́? Ta ni kò tíì rí wọn lábẹ́ bẹ́ǹṣì rí? Mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, kí á dá owó díẹ̀, kí á bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀, kí á sì yan ẹni mẹ́rin tí yóò máa ṣe ètò oúnjẹ. Ẹgbẹ́ tó ń sọ pé òun fẹ́ tọ́jú ohun àjogúnbá Yorùbá, kó rántí pé ìwà wà nínú ohun àjogúnbá náà. Àwọn baba wa ló sọ pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bó ti ń dùn tó.

Ọmọ ológbò kan tó ṣẹ́kù ní ọjọ́sí ti dàgbà. Ṣọ́ọ̀bù ìyá oníìrẹsì ló ń sùn, láàárín àpò ẹ̀wà méjì. Bàbá onílé kò tíì yí èrò wọn padà, ṣùgbọ́n wọn kì í lé e mọ́ bí wọ́n bá bá a lójú ọ̀nà. Mo gba ìyẹn bẹ́ẹ̀.

Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Bí ó bá wá di ọjọ́ òjò, kí á yá Olúwa ní ọwọ́ wa.

Ire o.